Iléeṣẹ́ Tí Kò Ní Géètì

Ajégúnlẹ̀,
Èkó.

Tinú ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú rẹ, pẹ̀lú ọkọ rẹ àti ọmọ yín tó ti ń sáré káàkiri ilé. Mo nírètí pé ara yín le, àti pé ibà tó ń ṣe ọmọ náà nígbà tí o pe ìyá rẹ kẹ́yìn ti lọ pátápátá. Àwa náà wà níbí, ara wa dá, bí a bá yọ ti orúnkún mi kúrò. Orúnkún yẹn ti dúró lẹ́nu géètì ní èbúté Tin Can fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ráhùn. Mo mọ̀ pé o ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ìkánjú sọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Zulfah ni. O rántí pé ilé ìwé pọ́ọ̀lì ní kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní áítì. Bí kò bá ṣe é parí, wọn ò ní gbà á padà láti ka èyí tó kù nínú ìwé rẹ̀. Mo ti bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ fún un níbi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àpápá, ibi tó ní ilẹ̀kùn, tó ní àga, tó ní ọ̀gá tí èèyàn lè lọ bá jà. Ọmọ náà ní òun ti rí tòun. Ó ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe ètò orí fóònù tí yóò máa kìlọ̀ fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn pé oògùn báyìí kò ní pẹ́ bàjẹ́ lórí pẹpẹ wọn. Mo bi í pé níbo ni ọ́fíìsì wọn wà. Ó ní wọn ò ní ọ́fíìsì, pé inú ilé ni kálukú ti ń ṣiṣẹ́.

Tinú, ìwọ náà mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Kò sí ọkọ̀ tó jáde ní géètì mi rí nítorí pé bébà rẹ̀ mọ́ nìkan. Màá fi ọwọ́ gbá ara kọ̀ntéénà, màá tẹ́tí, màá ní kí wọ́n ṣí i. Àwọn dẹ́rẹ́bà bú mi títí, síbẹ̀ wọ́n ń ṣí i. Iléeṣẹ́ tí kò ní géètì, tí kò ní páálí orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ mi ò sì tíì fojú kojú pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ rí, ibo ni mo fẹ́ gbá lára rẹ̀? Mo sọ nínú ara mi pé yàhúù ni, kò sí ohun mìíràn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Láràárọ̀, Zulfah á gbé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí àpótí, á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa fi òyìnbó kan tí mi ò kọ́ ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí mo bá ti wọlé, á tẹ nǹkan kan, á sì dákẹ́. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ó ti lẹ bébà pélébé kan mọ́ ojú kámẹ́rà ẹ̀rọ náà. Bàbá Ejiro, aládùúgbò wa tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, rí i pẹ̀lú. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Baba Tinu, person wey dey do clean work no dey cover camera o. Shine your eye.” Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àwọn ọlọ́pàá wá kó àwọn ọmọ kan ní òpópónà ẹ̀yìn wa pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù wọn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri ò sì jìnnà sí wa. Tí mo bá ń kírun, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni mo fi ń parí rẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu géètì, Bàbá Tinú, ẹ jẹ́ kí géètì náà fẹ̀yìn tì nínú yín.” Mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ṣíwọ́. Mo ní kí Zulfah fi iṣẹ́ náà hàn mí. Ó ṣí i, mo rí ìlà lórí ìlà, èyí pupa, èyí àwọ̀ ewé, mi ò mọ orí, mi ò mọ ìdí. Ó ní kò sí ohun tí òun kọ tó lè wọlé sínú ètò náà àfi tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Adaobi, tó ń gbé ní Enugu, bá yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Bí àbùkù bá wà níbẹ̀, á dá a padà pẹ̀lú àlàyé, Zulfah á sì tún un ṣe. Ìyẹn wọ̀ mí létí díẹ̀, torí ó jọ pé àwọn náà ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò rí Adaobi yìí sójú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni fóònù mi dún. Ọlọ́kadà kan tó ń gbé ẹrù kiri ni. Zulfah ti fún iléeṣẹ́ náà ní nọ́ńbà mi pé kí wọ́n pe bàbá òun bí wọn ò bá rí òun pè. Ọkùnrin náà ní, “Oga, I carry modem come for one Zulfah. I dey this address for Apapa, but the gateman say him no know anybody like that. Where una dey?” Mo ní Ajégúnlẹ̀ ni à ń gbé, a ò gbé Àpápá rí láyé wa. Ó ní òun máa dá ẹrù náà padà fún àwọn tó rán òun. Ní Tin Can, ẹrù tó bá ń parọ́ ibi tó ń lọ, ohun tí wọn ò fẹ́ kí èèyàn rí ló wà nínú rẹ̀. Mi ò sọ fún Zulfah pé ẹnikẹ́ni pè mí. Èèyàn kì í ta ọkọ̀ lólobó kó tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà wọ híjáàbù tó ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, ó fi ọ̀rá wé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé ọ̀rẹ́ òun kan ní Àpápá. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí mi ò bá tètè débẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á lé mi.” Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ lé e, kí wọ́n lé e lójú mi. Ìyá rẹ dì mí lápá mú, apá rẹ̀ ò ká mi. Mo gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí àpótí, mo fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ ọn, mo sì fi èékánná mi ṣí bébà yẹn kúrò lójú kámẹ́rà. Zulfah ò bá mi jà. Ó jókòó, ó ṣí ìpàdé wọn.

Èèyàn méjì ló yọ lójú ẹ̀rọ náà, ọkùnrin kan tó gẹ irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa àti obìnrin kan. Ọkùnrin náà ni Obiora, ọ̀gá wọn, obìnrin yẹn sì ni Adaobi. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn mi. Ògiri tí òjò ti bàjẹ́ wà lẹ́yìn wa, aṣọ ìyá rẹ sì wà lórí okùn. Obiora kí mi, ó béèrè ẹni tí mo jẹ́. Mo ní, “Na me be her papa. You nko, who you be?” Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní láti ìgbà tí Zulfah ti dé, àwọn ò rí ojú rẹ̀ rí, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń dá lẹ́bi. Ọmọkùnrin kan ti tàn wọ́n jẹ ṣáájú rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, ọlọ́kadà tún ní kò sẹ́ni tó mọ Zulfah níbi tó ní òun ń gbé. Ìyẹn ló jẹ́ kí òun sọ fún un pé bí àwọn ò bá rí ojú rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kó máa lọ. Tinú, ó ṣe mí bákan. Gbogbo bí mo ṣe ń fura sí wọn, àwọn náà ń fura sí wa.

Síbẹ̀ mi ò gbà. Mo ní, “Before you search my pikin, I go search una. Turn that thing make I see where you dey.” Adaobi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Obiora yí tirẹ̀. Àga oníke tí wọ́n tò léra wọn kan àjà ni mo rí. Inú sítọ́ọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń kó àwọn àga tó ń fi háyà sí, ní Owerri, ni ọ̀gá iléeṣẹ́ ń jókòó sí. Adaobi náà yí tirẹ̀, ilé ìdáná ni, ó sì pọn ọmọ. Mo ní kó ṣí kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣí i, agbada àti sítóòfù ló wà níbẹ̀. Mo ní ó ti tó, kí wọ́n máa bá ìpàdé wọn lọ.

Obiora wá kọjú sí Zulfah, ó ní, “So na Ajegunle you dey. Why you come write Apapa?” Àbúrò rẹ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Sir, if I write Ajegunle, you for call me?” Ọkùnrin náà ní, “I no know. I no go lie, I no know.” Ó níyì lójú mi nítorí ìyẹn. Ká ní ó yára sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, màá ti pa ẹ̀rọ náà dé. Wọn ò lé e. Wọ́n ní kó kọ ibi tó ń gbé gan-an, wọ́n sì fi ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ síbí, ó dé láìsí wàhálà. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa, Adaobi ní ọmọ náà kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ìpàdé parí, mo bi í léèrè ìdí tó fi lẹ bébà yẹn. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ògiri ni mò ń bò.” Mo ní ṣé ògiri nìkan. Ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn mi. Láti ìgbà náà, mo máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì kí n tó jókòó sí pálọ̀ láàárọ̀. Inú mi ò dùn sí i, Tinú, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá kàn ọ́ nìyí. Lórí káàdì ìgbéyàwó yín, wọ́n kọ ọ́ pé ará Àpápá ni ìdílé wa. Mo rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣàṣìṣe. Ìdána yín, ìwọ lo bẹ̀ mí pé ká lọ ṣe é ní Ìṣẹ́yìn nílé bàbá mi, inú mi sì dùn pé o ka ilé sí. Nígbà tí o bímọ, ìyá ọkọ rẹ fẹ́ wá kí wa, o ní omi ti gba gbogbo ọ̀nà wa. Inú ọyẹ́ ni a wà nígbà náà, eruku ló ń ṣe wá. Ọkọ rẹ kì í jẹ́ kí oṣù lọ láìpè mí, síbẹ̀ bó bá wá sí Èkó, òtẹ́ẹ̀lì ló ń sùn, o sì máa ń sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó yà sọ́dọ̀ wa. Gbogbo èyí ni mo gbà wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò, torí ìwọ lo gbé e wá. Jọ̀ọ́, sọ fún mi: ibo ni o sọ fún àwọn ará ilé ọkọ rẹ pé wọ́n ti bí ọ, ta ni o sì ní bàbá rẹ jẹ́?

Ọlọ́run á dá ọmọ rẹ sí fún ọ, á jẹ́ kó mọ ilé ìyá rẹ̀ àti ilé bàbá ìyá rẹ̀. Á fi ìfẹ́ sáàárín ìwọ àti ọkọ rẹ, á sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín lérè. Ìyá rẹ ń kí yín, Zulfah náà ń kí yín.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì,
Abdulrasheed.

Àfikún: Bí ìyá ọkọ rẹ bá ṣì fẹ́ wá, kó sọ̀ ní ibùdókọ̀ Boundary, kó ní ilé Bàbá Géètì ni òun ń lọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí.