Orin Tí Ẹ Ta Sórí Apá Mi

Bàbá mi àtàtà, Àlàájì mi tí kì í pariwo,

Mo rí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe lójú àlá o. Ojú mi là kedere, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọ̀n yín wà lọ́wọ́ mi, mo sì rí yín níwájú èrò rẹpẹtẹ. Ẹ wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń gbálẹ̀, irun yín kún bí igbó, jìtá wà lọ́rùn yín, àwọn ọmọge sì ń ké níwájú yín bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Háà, Bàbá! Ṣé ẹ̀yin náà nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí n pa rédíò nígbà tí wọ́n bá ń fi orin polówó ọṣẹ?

Ẹ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀. Múnírá, ọmọ mi tí ẹ sọ lórúkọ, ló fà mí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti Èkó wá pẹ̀lú fíìmù tí wọ́n ṣe nípa àwọn olókìkí oníjìtá rọ́ọ̀kì ayé ìgbà tí owó epo rọ̀bì kún ìlú. Kì í ṣe eré àgbéléwò. Àwọn èèyàn gidi ló wà níbẹ̀, àwòrán àtijọ́ tí wọ́n tú jáde, àti àwọn àgbàlagbà tó jókòó tí wọ́n ń ròyìn ohun tójú wọn rí. Gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá ọ̀sà ni wọ́n ti fẹ́ fi í hàn lára ògiri. Mo ní kí ló kàn mí kan oníjìtá? Mo kàn tẹ̀lé ọmọ náà kí n lè máa ṣọ́ ọ ni, mo sì ti fi í sọ́kàn pé màá padà kí wọ́n tó kí Àlásárì.

Bàbá, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ti Ìmẹ̀kẹ wá, wọ́n ti Ìkógà wá, àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi láti Tòpó. Mo rò pé ọmọdé nìkan ni màá bá níbẹ̀, àṣé àwọn tó ti ń fi ọ̀pá rìn náà ò gbẹ́yìn. Baba kan fi agbòòrùn ṣe jìtá, ó ń ju orí tí kò ní irun ẹyọ kan mọ́ síwá sẹ́yìn. Bí ojú oníjìtá kan bá ti yọ lára ògiri, gbogbo ilé á hó, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á máa fi ẹnu bá jìtá rẹ̀ lọ láìsí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Bàbá Pòsù, oníbàárà yín tó máa ń ti Tòpó wá ra àwọ̀n, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Mo kí i, ó kàn juwọ́ sí mi. Ojú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ọmọkùnrin kan fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣífìtì díẹ̀. Òjíjí ló kàn.”

“Ta ló ń jẹ́ Òjíjí?”

“Ah-ah! Màmá, ẹ ò mọ Òjíjí? Ọmọ Àgbádárìgì wo lẹ wá jẹ́?”

Bàbá Pòsù ló dá mi lóhùn, kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́. “Ẹja tó ń gbọn apẹja lọ́wọ́ jìgìjìgì yẹn la fi pè é. Tó bá ti fọwọ́ kan jìtá báyìí, gbogbo ara ẹ á gbọ̀n. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ta á kẹ́yìn ní bíìṣì. Dàágbó mi fẹ́ẹ̀ lù mí pa, pé mo fi ọkọ̀ àti àwọ̀n sílẹ̀ lọ wo aláriwo.” Ẹ mọ̀ pé Dàágbó làwọn Ẹ̀gùn ń pe bàbá àgbà.

Àwòrán náà yọ. Etí òkun wa ni, àwọn igi àgbọn wa, àti èrò tó bo iyanrìn mọ́lẹ̀. Ojú yín kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí, Bàbá. Ọwọ́ yín ni. Ẹni tó ya àwòrán náà sún mọ́ ọwọ́ òsì tó di ọrùn jìtá mú, àtàǹpàkò lábẹ́, ìka mẹ́rin lókè, ọmọńdinrín tó wọ́ díẹ̀ sínú. Ara mi mọ ọwọ́ yẹn kí ọpọlọ mi tó mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àwòrán wá gòkè dé ojú, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, mi ò fẹ́ kí igbe jáde.

Ta ni ò mọ ọwọ́ yẹn ládùúgbò wa? Bí ẹ bá ti kírun tán, tẹ̀súbà á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì á sì máa rìn lórí itan yín, ìka kan á tẹ̀, ìka kan á gbéra. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ní síkírì yín ti pọ̀ débi pé ọwọ́ kan ò gbà á mọ́. Àwọn ìyá ń fi yín bá ọmọ wọn wí, pé kí wọ́n wo Àlàájì aláwọ̀n, pé gbogbo ìka rẹ̀ ló ń dárúkọ Ọlọ́run. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan?

Okùn nọ́ílọ́ọ̀nù ńkọ́? Bí apẹja bá fẹ́ ra okùn, ẹ máa ń fà á le láàárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ á fi àtàǹpàkò ta á pín-ín, ẹ á gbé etí sí i. Ó ti wá di pé apẹja kankan ò ní gba okùn tí ẹ kò bá tíì ta. Wọ́n gbà pé etí yín ń gbọ́ ibi tó ti fẹ́ já. Èmi náà ń ta okùn fún wọn báyìí ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ rí, mo kàn ń ta á torí pé ẹ̀yin ń ta á.

Ibi tó dùn mí jù ni mò ń bọ̀ yìí. Ẹ rántí òwúrọ̀ tí ẹ lọ. Ohùn ti kúrò lọ́rùn yín. Èmi ni mo jókòó tì yín, ẹ sì na ọwọ́ òsì, ẹ di apá mi mú, àtàǹpàkò lábẹ́, ìka mẹ́rin lókè. Àwọn ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n yára, wọ́n rọ̀, wọ́n tún yára, wọ́n gun apá mi dé ìgúnpá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dúró pẹ́, wọ́n sì tú. Mo jáde sí àwọn èèyàn, mo ní orí síkírì ni Bàbá mi wà tí ẹ̀mí fi bọ́. Lèmọ́mù fi ṣe wàásù níbi àdúà fídáù yín. Àwọn àgbààgbà sunkún, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún àwọn náà ní irú ikú bẹ́ẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn yẹn, bí ìka yín ṣe ń rìn lára ògiri, mo gbé ọwọ́ mi lé apá mi, mo ń tẹ ibi tí ẹ tẹ̀. Kò yẹ̀. Ibi tó ti yára, ibi tó ti rọ̀, ibi tó ti gun òkè. Orin yẹn ni, Bàbá. Orin tí àwọn onírun funfun yìí ń fi ẹnu pè, tí Bàbá Pòsù ń sunkún sí bí ọmọdé, òun lẹ ta sí mi lára.

Ó kù díẹ̀ kí orin náà parí ni àwòrán já. Gbogbo ilé ní “Áàà!” Wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń já sí, torí àwòrán kan ṣoṣo tó kù yìí ti wà lórí fóònù wọn tipẹ́, síbẹ̀ ó dùn wọ́n bíi pé òní ló ṣẹlẹ̀. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ fi ariwo parí rẹ̀ ni, àwọn kan ní ẹ dá a dúró lójijì. Wọ́n bi Bàbá Pòsù, ó ní ariwo èrò ò jẹ́ kí òun gbọ́, ìyẹn sì ti ń jẹ òun lọ́kàn láti ìgbà èwe òun. Ẹnì kan ní Kutonú lẹ sá lọ, òmíràn ní òkun ló gbé yín. Ọkùnrin tí wọ́n ń wá yìí ló ti ń ta àwọ̀n fún Bàbá Pòsù láti ọjọ́ yìí o, ó sì máa ń yọ owó kúrò fún un! Obìnrin tó ṣe fíìmù náà wá dìde, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó bá mọ orúkọ Òjíjí gangan sọ fún òun, torí pé Òjíjí nìkan ni wọn ò lè kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Mo ṣa kọ́kọ́rọ́ mi nílẹ̀, mo fa Múnírá lọ́wọ́, a jáde.

Bọ̀dá Gàní, àkọ́bí yín tó ti di náíbì, igbákejì lèmọ́mù, báyìí, gbaná jẹ nígbà tí mo sọ fún un.

“O ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni! Ká wá sọ fún jámáà mọ́ṣáláṣí pé jìtá ni Àlàájì ń ta níbi tí wọ́n ti ń rò pé síkírì ni? Ṣé o fẹ́ ba orúkọ Bàbá jẹ́ nínú sàréè ni?”

“Bọ̀dá, orúkọ wo? Ṣèbí wọ́n ní àwọn ò mọ orúkọ kankan.”

Ó dìde, ó fi mí sílẹ̀. Mi ò sì lè bá a jà, torí ẹ̀rù tó ń bà á ń ba èmi náà. Bí mo bá dárúkọ yín, wàásù fídáù á di ẹ̀rín lẹ́nu àwọn èèyàn. Bí mi ò bá dárúkọ, ẹ ó máa wà lára ògiri káàkiri ayé bí ẹni tí kò bí ọmọ. Èwo ni ẹ̀yin fẹ́? Oorun kò kùn mí.

Èmi, Bọ̀dá àti Múnírá la wá lọ bá Màmá. Múnírá fi fóònù hàn án. Màmá fi ìborùn bo ẹnu, mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ló ń rín. “Ẹ wo irun! Mo ti ní kí wọ́n gé irun yẹn tipẹ́tipẹ́!” Ẹ̀rín náà wá di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

“Iwájú níbẹ̀ yẹn ni mo dúró sí. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní òun ò lè fún oníjìtá lọ́mọ, ni mo bá ní kí Àlàájì fi Kùránì búra pé wọn ò ní fọwọ́ kan jìtá mọ́. Wọ́n búra. Wọn ò sì fọwọ́ kàn án títí wọ́n fi lọ.”

Bọ̀dá ní, “Ṣé ẹ ti rí i, Màmá? Ká fi bò ó.”

Màmá wò ó. “Gàní, èmi ni mo gba jìtá lọ́wọ́ wọn. Ṣé kí n tún gba orúkọ wọn ni?”

Bàbá, ẹ ò yẹ ìbúra yín. Itan yín lẹ fi ṣe jìtá, àti okùn apẹja, nígbà tó sì di ìkẹyìn, apá mi. Bóyá síkírì náà ni, ṣé mo mọ̀? Ta ni mo fẹ́ bi?

Mo ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Bọ̀dá ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n ó pè mí láàárọ̀ àná, ó ní tó bá jẹ́ pé wọ́n máa kọ ọ́ náà, kí wọ́n rí i dájú pé Àlàájì ló ṣáájú. Ó wá wọ ṣọ́ọ̀bù wá lẹ́yìn náà, ó fa okùn kan le, ó ta á, ó gbé etí sí i. Mo ṣe bíi pé mi ò rí i.

Obìnrin yẹn bi mí bóyá mo mọ bí orin náà ṣe parí. Àwọn olólùfẹ́ yín ń dúró, ó ní wọn ò sùn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé Òjíjí bímọ. Mo ní màá dá a lóhùn. Mi ò tíì dá a lóhùn, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dúró pẹ́, kí wọ́n tó tú. Ẹ jẹ́ kí n ṣì dì í mú díẹ̀ sí i.

Ọmọbìnrin yín, tó fi apá gbọ́ orin yín dópin.