Iṣẹ́ Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Orúkọ Obìnrin Náà

Ọjọ́ Àìkú, Muwaileh, ní Sharjah

Ọmọ mi Teniọlá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lónìí: àwọn èèyàn pàtàkì ìgbà tí ìwé títẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà lórí páálí ẹ̀, àlùfáà kan náà wà. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ohun tó sì kọ sábẹ́ orúkọ ẹ̀ ni "ìyàwó atẹ̀wé."

Mo ní, "Ṣé ọkọ ẹ̀ ló wá ń tẹ̀wé?"

"Rárá, Mummy. Ọkọ ẹ̀ tètè kú. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́ títí tó fi darúgbó."

"Pa ìyàwó yẹn rẹ́, jọ̀ọ́. Atẹ̀wé ni!"

Inú bí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dirí fún àwọn ará wa ní pálọ̀, ìka ṣì ń ro mí.

Ó pa á rẹ́. Ó wá ní, "Tiyín ńkọ́? Tísà ní ká fi iṣẹ́ màmá wa parí ẹ̀. Ṣé kí n kọ onídìrí?"

Vísà ọkọ mi ni mo fi wà ní Dubai níbí, kò fún mi láyè láti ṣiṣẹ́ owó, housewife ló sì wà lára Emirates ID, káàdì ìdánimọ̀ mi. Tí wọ́n bá lọ gbọ́ ní school pé mo ń gbowó dirí...

Mo ní kó kọ ìyàwó ilé.

Ó fẹ́ èérún rọ́bà dànù, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà, sábẹ́ "atẹ̀wé" tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jà fún.