Ẹni Tí A Kò Dúró Dè: Ìgbésí Ayé Alhaji Sàláhúdéènì Àlàó Adéwọ̀yìn (1967–2025)

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1967 ni a bí Alhaji Sàláhúdéènì Àlàó Adéwọ̀yìn ní ìlú Ìwó, fún Alhaji Tàjùdéèn Adéwọ̀yìn àti Alhaja Salihat. Òun nìkan ni ọkùnrin tí àwọn òbí wa bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá kó gbogbo wa wá sí Calumet City, nítòsí Chicago, níbi tí wọ́n ti ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ irin. Èmi Afeezat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ẹbí ní kí n kọ èyí. Òun ló yẹ kó kọ tèmi.

Ilé-ìwé girama ni ó ti bẹ̀rẹ̀ bésíbọ́ọ̀lù. Kẹ́ṣà ni: òun ni ó máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tí ó di igi mú, tí ó ń gba bọ́ọ̀lù líle tí wọ́n bá jù bọ̀. Iṣẹ́ ìyà ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìyá wa sunkún títí, wọ́n ní ṣé ìlóṣòó ni àwọn gbé ọmọ wá ṣe ní Àmẹ́ríkà ni. Bàbá ní tiwọn kì í pa ìdíje kan jẹ. Wọn á jókòó sẹ́yìn àwọ̀n pẹ̀lú fìlà wọn, wọn á máa pariwo, “Dì í mú!” Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tó jókòó tì wọ́n náà fi ń pariwo “Dì í mú!” láìmọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ní ọdún 1988 ó wọ ẹgbẹ́ kékeré, níbi tí wọ́n ti ń mú agbábọ́ọ̀lù lọ sí ẹgbẹ́ àgbà. Ní 1993 ó fẹ́ Kàfáyàtù, nọ́ọ̀sì, ọmọlúàbí èèyàn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ó fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, tí ó ń gba ààwẹ̀ nínú oòrùn, tí ó ń retí kí ẹgbẹ́ àgbà pe òun. Ìka rẹ̀ á ṣẹ́, wọn á dì í, á tún padà lọ lóṣòó.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1996, ìpè náà dé. Kẹ́ṣà ẹgbẹ́ àgbà fara pa. Wọ́n ní kí Àlàó wá rọ́pò rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ó fi fóònù sọ fún wa nílé, ariwo ayọ̀ sì gba gbogbo ilé! Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ fún un pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ dá a dúró. Ní àárọ̀ Jímọ̀, bàbá kírun àsùbáà tán, wọ́n ní kí a fún àwọn lómi. Kí a tó gbé omi dé, wọ́n ti dákẹ́.

Ìyá wa pè é ní òtẹ́ẹ̀lì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dé sí ní Indiana. “Mo ti gbọ́, màámi,” ni gbogbo ohun tí ó wí, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, ta ni yóò sin bàbá láìdúró de ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí? Lọ́kàn tiwa, bọ́ọ̀lù ni ó ń lọ gbá, torí bàbá fúnra wọn ló ní kó lọ. Àwa Mùsùlùmí kì í sì í fi òkú falẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a sin bàbá.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, a tan tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ojú wíwú, à ń wá ojú rẹ̀ láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìlẹ̀kùn ṣí. Òun ni, pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Fermín, ọmọ Kúbà tí ó máa ń ju bọ́ọ̀lù sí i nínú ẹgbẹ́ kékeré, ló fi mọ́tò gbé e wá láti ìsàlẹ̀ Indiana. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo gbogbo wa.

“Ṣé ẹ ti sin wọ́n ni?”

Yéè! Etí mi ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn.

Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Àlàó lálẹ́ ọjọ́ náà lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ àgbà. Wọn kò pe àbúrò mi mọ́ láéláé. Ó gbá bọ́ọ̀lù títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi kọ̀ fún un, lẹ́yìn náà ó wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Hazel Crest, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bésíbọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Ní mọ́ṣáláṣí, orí àga ló ti ń kírun. Kàfáyàtù ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù, torí àwọn ìka rẹ̀ tó ti ṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó sọ nípa ayé rẹ̀ nínú eré náà, á ní kò sí nǹkan kan láti sọ: òun lóṣòó, òun dìde, òun pàdánù bọ́ọ̀lù, òun pàdánù bàbá. Wọ́n máa ń sọ pé bó bá pẹ́, ìbànújẹ́ máa tán nínú èèyàn. Irọ́ ni. Kò tán nínú rẹ̀.

Ó fi ìyá wa sílẹ̀ sáyé lọ, ìyẹn ló ń pa wá lẹ́kún jù. Ó fi ìyàwó rẹ̀ Kàfáyàtù sílẹ̀, àti èmi. Ọmọ rẹ̀ méjì, Awwal tí ó jẹ́ sójà ní Jámánì, àti Nusaybah. Pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méjì, Ìbráhìm àti Adéòkè.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ wá: kí a dúró de Awwal. Ó jáde láyé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àwọn àgbà ní kí a sin ín lọ́jọ́ kejì. Kàfáyàtù, ẹni tí kì í bá àgbà jiyàn, ní òun yóò gbé mọ́tò òun dí ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú. A dúró. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Awwal dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láti gba bàbá rẹ̀. Láti orí àga onítáyà tí a fi ń tì wọ́n ni ìyá wa ti pariwo: “Awwal, dì í mú!”

Awwal dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ̀ wá kí a dúró kò mọ̀ pé a dúró.

Àlàó, ìlóṣòó ti tó. Na ẹsẹ̀ rẹ. Kí Ọlọ́run fẹ sàréè rẹ, kí Ó sì jẹ́ kí bàbá ti máa dúró dè ọ́ lọ́hùn-ún. Sùn re, àbúrò mi.