Ọbẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Sè ní Gánà

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdúgbò Bajulaiye ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ mi kì í jẹ ẹ̀pà. Tó bá kàn án lẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ á wú, kò ní lè mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mọ̀. Lọ́dún tí sójà gbéjọba sílẹ̀, a lọ kí wọn ní Gánà. Mo bi wọ́n ohun tó wà nínú ọbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, jẹ́ kó jẹun jàre, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ẹ̀pà ni wọ́n fi sè é. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ mi kú sí ọsibítù ìlú onílùú.

Wọ́n ń bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni màá dáná. Ọbẹ̀ tó dáa ni màá sè, mi ò ní fi nǹkan burúkú sí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí ohun tó wà níbẹ̀, màá wojú wọn, màá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun jàre, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ọkọ mi ní kí n dárí jì wọ́n. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí wọ́n tó gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì ni kí n dárí jì wọ́n, àbí lẹ́yìn náà?