Òdòdó Orí Sàréè Sìdíkátù

Ẹ kú ilé o, Ìyá wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Akra níbí. Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ràmọ́tù, ìwọ tí o máa ka ìwé yìí sí ìyá rẹ létí, mo kí ọ. Jọ̀ọ́, jókòó tì wọ́n dáadáa kí o tó bẹ̀rẹ̀. Rọra kà á, má sì fo ibì kankan, bó ti wù kó burú tó.

Ìyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá ti gbọ́ "Wàhábù ọmọ mi" báyìí, ẹnu mi á wúwo, n ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín léèrè òjò. Ohun tó jẹ́ kí n gbé e sínú ìwé ìròyìn nìyẹn. Irọ́ tí mo pa fún yín, gbogbo àdúgbò lẹ fi hàn. Ó yẹ kí òótọ́ rẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Òdòdó tí ẹ rí nínú fóònù, òdòdó olódòdó ni. Ti Sìdíkátù ti kú. Èmi ni mo pa á.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wú u fún un lábẹ́ igi obì ẹ̀yìn ilé yín ní Ìnísà, nígbà tí mo ń mú un bọ̀ ní Gánà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní ìyàwó ẹlòmíì ń gbé ìkòkò lọ sílé ọkọ, tèmi ń gbé ohun tó jọ àlùbọ́sà. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú rẹ̀ nínú ike ọ̀dà kan ní Dansoman, lẹ́yìn àgbá omi níbi tí oòrùn kì í dé. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ọ̀pá kan á yọ láìní ewé, á sì tanná pupa roboto bí ọsàn ńlá. Gbogbo ará ilé wa á wá yà á sí fóònù. Ewé á tẹ̀lé e. Tí ọyẹ́ bá dé, ewé á rọ, á kú pátá, Sìdíkátù á sì da ike náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. N kò bi í rí pé kí ló dé. Ọjà Kantamanto ni ọkàn mi wà, níbi tí mo ti ń rán sòkòtò òkìrìkà tó ya. Mo rò pé nǹkan obìnrin ni.

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú Sìdíkátù lọ, ẹ mọ̀. Ó kú lówùúrọ̀, a sì ti sin ín kí wọ́n tó kírun Àsárì, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ẹ ṣì ń wá mọ́tò nígbà tí mo pè yín pé ẹ má wulẹ̀ bọ̀ mọ́. Ẹ kò bínú. Ohun kan ṣoṣo lẹ bẹ̀ mí.

"Wàhábù, n kò rójú ọmọ mi. Bá mi gbé òdòdó mi sí ibi tó sùn sí, kí n lè rí nǹkan wò tí mo bá wá."

Mo gbé e lọ lọ́jọ́ kẹjọ. Gbogbo ìdí rẹ̀ ni mo gbé, n kò dá ọ̀kan sí. Ìyá, ibi ìsìnkú yẹn kò ní igi kan. Yẹpẹ̀ rẹ̀ gbóná débi pé èèyàn kò lè bọ́ bàtà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, etí ewé rẹ̀ ti jó. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé, tí èyí tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo ra kẹ́ẹ̀gì kan, mo sì ń gbé omi lọ síbẹ̀ ní àràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí ewé ṣe ń kú ni mo ń fi omi kún omi. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bu omi náà. Láti ìgbà tí Sìdíkátù ti lọ, ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni mo ti sọ Yorùbá.

Ẹ sì sọ fún mi lórí fóònù nígbà náà. Ẹ ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n fi í sílẹ̀. Mo rò pé ẹ ń tù mí nínú ni. Mo tún fi kẹ́ẹ̀gì kejì kún un.

Òjò rọ̀, nǹkan kan kò yọ. Bàbá Ìsá, àgbàlagbà tó ń gbẹ́ sàréè, bá mi fi ọkọ́ tú u. Àlátà bíi tiwa ni, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí. Ohun tí a bá nílẹ̀ ti jẹrà bí iṣu, ó ń rùn, ó yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá Ìsá gbé ọkọ́ sílẹ̀.

"Ébéì, Wàhábù. Ó ń sùn ni, o wá rì í sómi."

Mo jókòó sórí yẹpẹ̀, mo sun ẹkún tí n kò sun lọ́jọ́ tí a sin ín.

Ọjọ́ kejì lẹ pè pé ṣé ó ti yọ. Mo ní ó ti yọ. Ẹ ní kí n yà á kí ẹ rí i. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, mo ya èyí tó pupa jù. Ràmọ́tù ní bó ṣe máa ń rí kọ́ nìyẹn, ẹ ní ojú rẹ̀ ni kò ríran. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń pe àwọn èèyàn wá wò ó. Ràmọ́tù, ojú rẹ ríran. Foríjì mí.

Ẹ ti wá ní ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. N kò lè jẹ́ kí ẹ jókòó sínú mọ́tò fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá bá yẹpẹ̀ lásán.

Mo ti gbin dóńgóyárò kan sí ẹ̀bá sàréè náà. Alfa wa ní kò sóhun tó burú nínú rẹ̀. Kò tíì ju orúnkún mi lọ, òjìji rẹ̀ kò bo àtẹ́lẹwọ́. Tí ẹ kò bá fẹ́ fojú rí mi mọ́, mo gbà. Tí ẹ bá ṣì ń bọ̀, ẹ tún wú ọ̀kan lábẹ́ igi obì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e. Ẹ̀yìn àgbá omi la ó gbé e sí títí igi yìí yóò fi dàgbà.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ Sìdíkátù, kó dá ẹ̀yin sí fún wa nínú àlàáfíà. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí gbogbo àwọn tó wo fọ́tò náà, ẹ ní mo bẹ̀ wọ́n. Tí ẹ bá dé, Ìyá, tí ọyẹ́ sì bá wa pọ̀, ẹ gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Wàhábù