Kò Sí Ìgò Nínú Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi

Ilé Ọláyọdé,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Òsì,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, ọdún 1997.

Ọ̀gá Alábòójútó Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì,
Àràròmí-Ọ̀pìn,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN TÍ MO FI KAN Ọ̀GÁ ÀGBÀ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ALÁKỌ̀Ọ́BẸ̀RẸ̀ ÌDÍ-ỌSÀN, ÒSÌ, TÍ Ó MÚ ỌMỌ MI LỌ ṢIṢẸ́ NÍ OKO RẸ̀, TÍ Ó SÌ FI IRỌ́ SÍ I LẸ́NU

Èmi ni ìyá Ọpẹ́yẹmí Ọláyọdé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo dárúkọ lókè yìí. Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi, Japhet, ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Ìlọrin, òpin oṣù ni ó máa ń wálé. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ni mo fẹ̀sùn kàn. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń pè é jálẹ̀jálẹ̀, n kò pè é ní "wọ́n". Kì í ṣe pé wọn kò kọ́ mi nílé. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ mú bírò, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án, ni iléèwé wọlé. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ìyá kì í rántí aṣọ iléèwé ọmọ àfi ìgbà tí ìwọlé bá ku ọ̀túnla. Ọpẹ́yẹmí ni ó ń bójú tó ilé. Òun ni ó ń po ògì, òun ni ó di irun àbúrò rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé, tí ó ń bọ̀ wọ kíláàsì kìíní fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn nígbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń nawọ́ bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Bọ́sẹ̀dé kọ̀, kò bọ́ bàtà tuntun rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sùn. Bí inú ilé mi ṣe dùn tó nìyẹn kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé náà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà mú àdá wá ní ọjọ́ kejì láti gé koríko. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àwa náà gé koríko iléèwé nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò pa wá. Ṣùgbọ́n wọn kò gé koríko iléèwé kankan. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè tò wọ́n lọ́wọ̀ọ́wọ́, ó kó wọn gba ọ̀nà Kóró lọ sí oko ẹ̀gẹ́ ti ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa ro ó. Títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí, koríko àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ náà ga ju Bọ́sẹ̀dé lọ. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ rán ènìyàn wá wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni àdá yọ lọ́wọ́ ọmọ mìíràn, tí ó sì bà lé Ọpẹ́yẹmí lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún, lókè àtàǹpàkò. N kò ní dárúkọ ọmọ náà. Ọmọdé ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, oòrùn sì mú. Tíṣà kíláàsì wọn, Abilékọ Alimat Issa, fa ìborùn rẹ̀ ya láti fi di ẹsẹ̀ náà, ó pọ̀n ọ́n dé ojú ọ̀nà, ó sì sọ fún ọ̀gá àgbà pé: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ yìí lọ sí dìsípẹ́ńsárì." Ọ̀gá náà ní kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yòókù. Nígbà tí ó ku òun àti ọmọ mi, ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó ní: "Bí ìyá rẹ bá bi ọ́, sọ pé ìgò ni o tẹ̀ lódò. Bí o bá fi lè dárúkọ oko mi, màá lé àbúrò rẹ kúrò ní kíláàsì kìíní, kò sì ní rí iléèwé mìíràn wọ̀ ní Òsì."

Ohun tí ọmọ mi gbé wálé nìyẹn. Ó ní òun tẹ ìgò lódò, ó sì gé òun. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, mo dì í. Ní ọjọ́ kejì mo ní kí ó jókòó sílé, ó kọ̀, ó ń tiro tẹ̀lé Bọ́sẹ̀dé lọ sí iléèwé. Mo rò pé ìfẹ́ ìwé ni. N kò mọ̀ pé ó ń lọ ṣọ́ àbúrò rẹ̀ kí wọ́n má baà lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn àdúrà, ọ̀gá àgbà pè é jáde síwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ó na ìka sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n wo ohun tí ó ń ṣe ọmọ tí ó lọ ń ṣeré lódò. Ó fi ọgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fà kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìwà.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún, ara rẹ̀ sì gbóná bí ààrò. Mo gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni ó gé e. Ó ní ìgò ni. Nọ́ọ̀sì ní bí ó bá jẹ́ ìgò, àfọ́kù rẹ̀ lè ṣì wà nínú, kí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ń mú egbò náà kẹ̀. Wọ́n tún ojú egbò náà là, wọ́n ń wá ìgò. N kò dá wọn lẹ́bi, ohun tí a sọ fún wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Èmi ni mo di ọmọ náà mú ní èjìká. Ó ké, ó fi eyín fa aṣọ mi ya, ó ń pe bàbá rẹ̀ tí ó wà ní Ìlọrin, kò sì sọ òótọ́. Wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún padà síbẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún mú irin tí ó fi ń wá ìgò ni ọmọ náà dì mọ́ mi lọ́rùn, tí ó ní: "Màámi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wá a mọ́. Kò sí ìgò níbẹ̀. Àdá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé Bọ́sẹ̀dé."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, èmi kò mọ bí mo ṣe lè kọ ìyókù ọjọ́ náà sínú ìwé tí ó ń lọ sí ọ́fíìsì.

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ipá, àrùn tí ń gba ojú egbò wọlé, mú ènìyàn, wọ́n dá a dúró níbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. A ti wà nílé báyìí. Egbò náà ń san, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé sókè mọ́, wọ́n sì sọ fún mi pé àdá náà ti gé iṣan. Mo lọ bá Abilékọ Issa nílé rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ó ní òun yóò sọ ohun tí òun rí níbikíbi tí ẹ bá pe òun sí, ó sì ní kí n kọ orúkọ òun síbí.

Ní ọjọ́ Àìkú tí a dé láti ilé ìwòsàn, lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Kọ́mọláfẹ́ ti ìjọ wa mú Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè wá sí ilé mi láti bẹ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó gbé àpò gàrí kan sílẹ̀. Mo bi í pé ẹ̀gẹ́ oko wo ni wọ́n fi ṣe gàrí náà. Mo ní kí ó gbé e. Ó wá ní: "Ìyá Ọpẹ́, mo gbà pé mo ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni ó purọ́ fún yín, kì í ṣe èmi. Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa kì í purọ́ fún ìyá rẹ̀." Bí ó ti ń sọ ọ́, Alàgbà dorí kodò. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní: "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹni tí ẹ mú wá ni kò mọ ohun tí ó wá ṣe."

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ kàn gbé e lọ sí ìlú mìíràn kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ tiwọn. Ọmọ wà ní Kóró, ọmọ wà ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pìn. Àwọn náà ní ẹsẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ ṣe ìwádìí ní gbangba, kí ẹ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ bá rí i pé òótọ́ ni mo sọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ Abilékọ Issa nítorí pé ó jẹ́rìí. Kí ó tó lọ, kí ó dúró síwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní àárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ mi kò ṣeré lódò. Oníṣeré Odò ni wọ́n ń pè é títí di òní, àwọn ọmọ kan tilẹ̀ ń kí i bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé wa. N kò fẹ́ gàrí, n kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ inú yàrá.

Mo ti mú Bọ́sẹ̀dé kúrò níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń wọ aṣọ iléèwé rẹ̀, tí ó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Ní àná, Ọpẹ́yẹmí bi mí pé bí ọ̀gá àgbà bá sọ fún ìjọba pé irọ́ ni òun ń pa, ta ni wọn yóò gbà gbọ́. Mo sọ fún un pé ẹni kan wà tí ó ju ọ̀gá àgbà lọ, pé ẹni náà yóò kà á, yóò sì dáhùn. Ẹ̀yin ni mo sọ pé ẹ ó dáhùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, tí ń retí èsì,

Moróhunfọ́lá Ọláyọdé (Abilékọ),
Aránṣọ, ìyá Ọpẹ́yẹmí àti Bọ́sẹ̀dé.