Ìka Tèmi Ni Mo Ní Kó O Fi Wọn Sáláńsà

Bàbá Ṣùkúrát, ẹ̀wà wà nínú kúlà, ṣùgbọ́n ka èyí ná.

Lánàá o ní o ò ní sáré ìje mọ́, pé ara ẹ ló ti wúwo tí kàátì, ọkọ̀ ìje kékeré ẹ yẹn, ò fi fà. Irọ́ ni! Mo tú ẹ́ńjìnnì ẹ wò láàárọ̀ yìí. Mo ní kó o gé ìwọ̀n ìka méjì kúrò lára páìpù sáláńsà. Ìka tèmi ni mò ń wí o! Ìwọ wá fi tìẹ wọ̀n ọ́n, ìka tó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Páìpù ti kúrú jù. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké lójú ọ̀nà tààrà, tí agbára ẹ̀ sì ń dínkù tó bá yọ ní kọ́nà.

Mo ti jó díẹ̀ mọ́ ọn padà. Mo wà á lẹ́yìn ilé, ó fà dáadáa. Lándílọ́ọ̀dù pariwo, mo dá a lóhùn.

Má jẹ́ kí àwọn ọmọ mẹkáníìkì Sango yẹn fọwọ́ kàn án. Mo ti lọ tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Agbára, mi ò ní lè wá wò ẹ́. Jọ̀ọ́, lọ sáré lọ́sàn-án yìí. Bó o bá gbẹ̀yìn, máa bọ̀ nílé. Mi ò ní béèrè ife ẹ̀yẹ kí n tó ṣílẹ̀kùn fún ọkọ mi.

Mọ̀nsúrát